Ojú Ewé Kan Lábẹ́ Ẹ́ńjìnnì

Màlúù náà ti kọjá lọ,
kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.
Iná iwájú kan fọ́, bọ́ńpà já lápá kan,
ó ń mì bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà.

Natẹla ní kékeré nìyí.
Mélòó ló ṣì ní bọ́ńpà lórí òkè Kọ́kásù yìí?
Ó tẹ bíréèkì: ó le lẹ́sẹ̀.
Ó yí sítíárì: ó kùn díẹ̀, ó dákẹ́.
Ilé ìwòsàn á ti ilẹ̀kùn ní aago mẹ́rin.

Laṣa fa ewé kan ya nínú ìwé ìṣirò rẹ̀,
ó tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì.
Wọ́n jókòó sórí òkúta,
wọ́n ń ṣọ́ ìwé bí ẹni ń ṣọ́ wàrà lórí iná.

Omi lásán ni, ìyá àgbà ní.
Omi lásán ni kó jẹ́.

Ẹ̀kán kan bọ́ sórí mẹ́jọ lọ́nà méje.
Àwọ̀ ewé. Ó fìka kàn án: ó ń yọ̀.

“Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni mo kọ. Ṣé mo gbà á?”
“O gbà á.”

Ó yọ kọ́kọ́rọ́,
ó fi sí àpò ọmọ náà,
kí ọwọ́ ara rẹ̀ má baà tàn án.