Ọkọ̀ Tí Yóò Pọ̀n Ilé

Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín
ti jẹ abẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ tán.
Mẹkáníìkì fi ìka ti egungun ẹ̀yìn rẹ̀,
ìka wọlé bí ẹni ti búrẹ́dì.

Bí ìgbín bá ń fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e.
Ìkarahun ti Marlys dúró lẹ́yìnkùlé, ní Montana,
lórí ẹsẹ̀ irin mẹ́rin:
ibùsùn, sítóòfù, fèrèsé kékeré kan,
ó ń retí ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀ pọ̀n ọ́n.

Lórí ìwọ̀n àwọn àgbẹ̀ àlìkámà
ó ti fi ọkọ̀ aládùúgbò gbé e wọ̀n,
tòun ti omi, tòun ti sílíńdà gáàsì:
ẹgbẹ̀ẹ́dógún pọ́n-ùn géérégé.

Ọ̀gbẹ́ni Kessel fi pupa kan hàn án, ó ń dán yinrin.
"Òkè ńlá pàápàá, yóò gbé e!"
Marlys ṣílẹ̀kùn, ó fi gíláàsì sójú,
ó ka bébà tó lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn:
ẹgbẹ̀rìnlá.
Ẹnu òǹtajà ò mọ ìwọ̀n. Ó pa ilẹ̀kùn dé.

Funfun kan wà lẹ́yìn, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà,
ó ti fi ìgbà èwe rẹ̀ ru koríko màlúù,
ìhà rẹ̀ kan ti tẹ̀ wọnú.
Ẹgbàajì.
Marlys fa ìwé yọ, ó ń yọ nọ́ńbà kúrò:
ilé, oúnjẹ, ajá, òun fúnra rẹ̀.
"Ẹni mélòó ni yóò máa jókòó níwájú?"

Nísàlẹ̀ ìwé, pẹ́ńsù àtijọ́ ti kọ ọ́:
Orrin, igba.
Ọdún kejì rèé tí Orrin ò wúwo mọ́.
Ó mú ìrésà. Ó gbé e kalẹ̀.
"Àwa méjì," ni Marlys wí. "Àyè ṣì kù."

Ajá ti fò sórí àga.