Gbànja Aláwẹ́ Méjì

Ọyẹ́ ti la ètè gbogbo Kétu
nígbà tí wọ́n gbé Odúnlámì dé lórí sẹ́mìjan,
awakọ̀ níwájú, ìyá lẹ́yìn, ọmọ láàárín,
ọrùn rẹ̀ le bí ọ̀pá ìdábùú ilẹ̀kùn.
Ó ní kí wọ́n pa iná.
Ọ̀sán gangan ni. Kò sí iná kan tó ń jó.

Dókítà fa omi ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ sínú ìgò.
Omi tó yẹ kó mọ́ bí omi àpáta
ló dé ọwọ́ mi bí omidùn ọjọ́ kẹta.
Èmi Sẹ̀fíyátù, tí mo ń wo ohun tí ojú kò rí
nínú yàrá kékeré lẹ́yìn ilé ìgbẹ̀bí,
mo kùn ún, mo ṣàn án, mo tún kùn ún,
mo tẹ ojú mọ́ gíláàsì.

Wọ́n wà níbẹ̀. Méjì méjì.
Gbànja tí ẹnikẹ́ni kò ì pa,
pupa bí osùn, awẹ́ kan kọjú sí èkejì,
nínú ikùn ọmọ ogun ẹ̀jẹ̀ tó gbé wọn mì
tí kò sì rí wọn dà.

Ẹ má pè wọ́n ní àlejò.
Ẹ̀yìn imú ni wọ́n ń gbé, lẹ́bàá ọ̀fun,
lára ẹni tó ń jẹun, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń kí ará ilé.
Wọ́n ju okùn tó tín-ín-rín ju irun lọ,
wọ́n so ó mọ́ ògiri, wọ́n fa ara wọn sún mọ́ ọn.
Ayálégbé tí kì í sanwó,
tí kì í sì í jà,
títí eruku àríwá fi dé, tí ògiri sán.

Baba mi a máa mú wa lọ wo Akaba Ìdènà.
A ní: ẹ wo yàrà, ẹ wo ilẹ̀kùn méjì,
ọ̀tá tó bá wọ àkọ́kọ́, àárín ni yóò há sí.
Orí ọmọ ènìyàn náà ní Ìdènà tirẹ̀.
Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kò já ilẹ̀kùn.
Ṣúgà ni wọ́n fi hun aṣọ,
aṣọ náà jọ ti ọmọ onílé
débi pé oníbodè ní kí wọ́n kú ìrìn.
Wọ́n ń jí irin inú ẹ̀jẹ̀ jẹ bí wọ́n ti ń lọ.
Ìgbà tí wọ́n wọlé tán ni ara tó ta gìrì,
ó dáná sun igbó nítorí òkété kan.
Iná tiwa ló ń jó ọmọ náà.

Baba rẹ̀ ní òun ti fún un ní oògùn.
Ó tú u ní ìdí aṣọ: kóró mẹ́ta, apá kan funfun, apá kan pupa,
láti orí àwo ọmọ kan ní ọ̀nà Ìlárá.
"Ọjọ́ méjì ló lò ó. Ara rẹ̀ rọ̀.
Mo fi ìyókù pamọ́ de àbúrò rẹ̀."
N kò lè bínú sí i. Owó ni.
Ṣùgbọ́n oògùn tí kò pa ọ̀tá, ẹ̀kọ́ ló kọ́ ọ.
Àwọn tó yè a máa ṣa àkísà òkú ẹbí wọn,
wọn a lẹ̀ ẹ́ mọ́ra,
títí wọn yóò fi pààrọ̀ àgádágodo
tí kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ wa.

Abẹ́rẹ́ tó ti Àjàṣẹ́ dé lóru ló bá wọn kanlẹ̀.
Odúnlámì yè.
Etí rẹ̀ kò yè.
Ìyá rẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà,
ó ń wo ẹyẹ lójú fèrèsé.

Wọ́n ní ká yẹ ọ̀fun gbogbo ẹni tó sún mọ́ ọn wò.
Mo fi òwú ra ọ̀fun tèmi náà.
Lọ́jọ́ kejì mo tẹ ojú mọ́ gíláàsì:
awẹ́ méjì, awẹ́ méjì.
Ara mi le koko. N kò tilẹ̀ sín.

Mo gbé kóró tí wọ́n fún mi mì.
Nígbà tí mo délé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sáré wá,
ó fọwọ́ ya ojú sílẹ̀,
ó ní eruku wọ òun lójú, kí n bá òun fẹ́ ẹ.
Mo fi etí ìró nù ún,
mo sé èémí.