Ìka Tí Ẹ̀rọ Ò Rí

Ọjọ́ kẹta ẹ̀kọ́ wa l'Àjàṣẹ́,
wọ́n gbé ẹ̀rọ sórí tábìlì:
dígí pẹlẹbẹ, iná àwọ̀ ewé lábẹ́ rẹ̀.
Ọ̀gá Dòsù ní ká gbàgbé tàdáwà.
Tàdáwà tí mo fi tẹ ìka olè àti ìka òkú
ní Kétu, fún ọdún mọ́kànlá,
tí dúdú rẹ̀ ń bá mi dédìí àwo ọbẹ̀.

Ara wa la ti kọ́kọ́ dán an wò.
Ti Ọláìtán yọ, ìlà yípo bí omi tí òkúta bọ́ sí.
Ó kàn mí. Mo gbé àtàǹpàkò lé e.
Dígí dákẹ́.
Mo nù ún, mo tún un gbé.
Ẹ̀rọ lóun ò rí ẹnì kankan.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo bá wọn rẹ́rìn-ín.
Ẹ̀yìnkùlé wa ni mo ń wò lọ́kàn:
ìyá mi nídìí ìkòkò ọṣẹ,
èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ ọdún méje,
omi eérú ń lá ìlà ọwọ́ wa bí ajá tó mọni.

Ọ̀gá ní, "Fi òróró pa á. Dúró díẹ̀. Rọra."
Ìlà mẹ́ta péré ló yọ, wọ́n ti já.
"Ó tó," ó wí.

Nígbà náà ni òtútù mú mi.
Bàbá kan wà tí wọ́n mú wá lọ́dún kan, láti ọ̀nà Ìlárá,
ìka rẹ̀ dán bí ekùrọ́.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo fàlà sí i nídìí:
Ó mọ̀ọ́mọ̀ pa á rẹ́ ni.

Bíríkì ló ń mọ jẹun.
Ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́, lẹ́yìn oṣù méjì, lẹ́nu ọ̀nà.
Èmi ò bi í.