Ààlà Inú Omi

Ẹja mẹ́rin ni Oyèékànmí gbé wá láti Ìbàdàn,
ó gbá ọ̀rá omi mọ́ àyà ní gbogbo ọ̀nà Gbọ̀ngán.
"Ìyá àgbà, wọ́n á máa tù yín nínú."
Ìtura dà?
Ọ̀sẹ̀ kan kò tíì pé, mẹ́rin di mẹ́ta.
Ọ̀kan léfòó lójú omi, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀,
ìrù rẹ̀ já wélewèle
bí àsíá ilé-ìwé tí ọyẹ́ ti fẹ́ ya.

Mo jókòó tì wọ́n títí Nẹ́pà fi mú iná lọ.
Ọ̀kan pupa bí epo, iwájú orí rẹ̀ yọ gọngọ.
Igun tí mo gbé ìkòkò kékeré sí ló gbà.
Ẹni tó bá kọjá níbẹ̀,
a wú ẹ̀rẹ̀kẹ́, a ta lẹbẹ, a lọ bí òkò.
Mo sọ ọ́ ní Onílé.
Aláwọ̀ eérú tó ń rá pálá nítòsí páìpù atẹ́gùn,
tí kì í sinmi, tí kì í jẹun yó,
mo pè é ní Ayálégbé.
Ẹ̀kẹta kò ní orúkọ. Ó ti mọ bí a ṣe ń dákẹ́.

Ojú ọ̀run tẹ́yẹ ẹ́ fò láì fara kanra,
bẹ́ẹ̀ làwọn bàbá wa wí.
Wọn ò rí dígí,
wọn ò rí omi tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta
ni gbogbo ayé rẹ̀.

Mo rò pé ebi ni.
Mo ṣe tísà fún ọdún mọ́kàndínlógójì;
ọmọ tó bá ń jà,
"Ṣé o ti jẹun?" ni mo máa ń kọ́kọ́ bi í.
Mo fọ́n oúnjẹ sápá ọ̀tún, mo fọ́n sápá òsì.
Onílé ò jẹ tọ̀tún,
ó lọ dúró ti tòsì.
Kì í ṣe ebi.

Mo wá fi asẹ́ ike pààlà sáàárín wọn.
Láàárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n ń wo ara wọn láti ojú ihò.
Mo mọ irú wíwò bẹ́ẹ̀.
Mo mọ ọdún tí títì kan ṣoṣo
ya èmi àti Morádéun,
àwa tí a jọ ń pín ṣọ́ọ̀kì kan lò.
Ní Ifẹ̀ níbí, "Ta ló kọ́kọ́ dé?"
kì í ṣe ìbéèrè ọwọ́ òfo.
N ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oyèékànmí pè. "Ìyá àgbà, ẹ tú ilé náà ká."
"Ilé wo?"
"Ilé ẹja ni o."
Ó ní kí n kó wọn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì,
kí n yí òkúta padà, kí n gbé ìkòkò kúrò ní igun,
kí n fi àpáàdì ṣe ihò mẹ́fà fún ẹja mẹ́ta,
kí n wá dá Onílé padà kẹ́yìn,
kí ó wá bá àlejò nílé.

Mo ṣe é lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọwọ́ mi ń rùn bí ìsàlẹ̀ odò.
Ní ti àpáàdì, àmù ìyá mi ni mo fọ́.
Ó ti là tẹ́lẹ̀.

Onílé wọlé. Ó lọ sí igun. Igun ò sí.
Ó yí po, ó tún padà lọ,
bí ẹni tó ti ìrìn-àjò dé
tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ò ṣílẹ̀kùn mọ́.
Ayálégbé yọ imú nínú ihò kan,
ó fà á padà.
Ó sùn. Àbí mo rò pé ó sùn;
ẹja kì í pajú dé.

Ọjọ́ kọkànlá rèé.
Lánàá mo rí Onílé tó ń fẹnu kó iyanrìn
lábẹ́ àpáàdì tó tóbi jù,
díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń gbẹ́ ìpìlẹ̀.
Mo mọ ohun tó ń ṣe.
Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́bàá ilẹ̀kùn,
mo sì pe Morádéun.
Fóònù náà dún títí kó tó gbé e.
"Ẹja?" ló wí. "Ìwọ, ẹja?"
Ó rẹ́rìn-ín.
Ó ní òun ń bọ̀ wá wò wọ́n.