Kókó Inú Àwo

Òjò Valdivia kò mọ ọjọ́ ìsinmi.
Láti oṣù karùn-ún ló ti ń lu fèrèsé wa,
àwọn kìnnìún òkun ń ké létí odò
bí ẹni tí a jẹ lówó.
Mo bọ́ bàtà òjò mi lẹ́nu ọ̀nà, mo wọ ìbọ̀wọ́,
mo ṣí àpótí olóoru:
ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin tí ẹ kì í sùn.

Lórí àwo pẹrẹsẹ, irọ́ ni wọ́n máa ń pa.
Wọ́n á tẹ́ bí ẹní,
oògùn á kàn wọ́n lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn á kú,
Dókítà Huenumán á pàtẹ́wọ́.
Ṣùgbọ́n nínú ọmú obìnrin,
ta ló rí jẹjẹrẹ tó tẹ́ bí ẹní?

Ìdí nìyí tí a fi ń fún wọn ní irin jẹ,
irin tó kúnná dé ibi tí ojú kò ká a,
omi pupa rúsúrúsú nínú ìgò.
Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fádìyẹ;
àwọn wọ̀nyí gbé e mì, wọn ò kú.
Ilẹ̀ mọ́, irin ti di ìrìn nínú wọn.

Mo gbé òòfà lé ìdérí. Mo dúró.
Ẹyọ kan gbéra nísàlẹ̀ bí ẹni tí a pè lórúkọ,
òmíràn tẹ̀ lé e,
títí wọ́n fi so rọ̀ láàárín omi,
tí wọ́n wé mọ́ra, tí wọ́n di kókó.
Kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ,
ó ní èèpo, ó sì ní òkùnkùn nínú,
ibi tí atẹ́gùn kò dé,
ibi tí ebi ti kọ́ sẹ́ẹ̀lì ní agídí.

Nómbà mọ́kànlélógójì ló wà lára àwo.
Wọn kì í sọ orúkọ fún mi.
Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó gbé e wá gbé jáàmù èso múrtà kan dání:
“Ìyá náà ní kí n fún ẹni tó ń tọ́jú nǹkan òun.”

Lánàá a da oògùn lé e.
Èèpo kú, ó ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà.
Mo gé e pẹlẹbẹ, mo rẹ ẹ́ láró, mo wò ó:
ní àárín gbùngbùn, wọ́n ṣì wà láàyè.
Wọ́n tilẹ̀ ń bí sí i.

Dókítà dákẹ́ pẹ́. Ó ní, “Ó ti jọ òótọ́ báyìí.”
Kókó ọ̀rọ̀ nìyẹn:
ọ̀tá tí a kọ́ kò parọ́ fún wa mọ́.
Inú mi kò dùn, inú mi kò bàjẹ́.

Òfin kò gbà kí a jẹun nínú yàrá ìwádìí.
Mo jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi búrẹ́dì jẹ jáàmù rẹ̀.
Ó dùn, ó kan díẹ̀.
Lẹ́yìn náà mo fọwọ́, mo wọlé
lọ pààrọ̀ omi wọn.