Ọwọ́ Mẹ́tàlélógójì

Yìnyín ti dí ọ̀nà Naryn láti àárọ̀,
ọkọ̀ Melis ń tan ilẹ̀ bí adìẹ tí kò rí ọkà.
Ọgọ́ta àpótí bàtà ló wà lẹ́yìn wa,
wọ́n fi bébà pupa wé wọn, wọ́n fi rọ́bà dè wọ́n.
Èmi ni ògbufọ̀:
owó ọjọ́ kan, oúnjẹ ọ̀sán,
ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lẹ́nu mi.

Gbọ̀ngàn tí ìjọba àtijọ́ kọ́ la kó wọn sí.
Àwòrán awakọ̀ katakata ṣì ń rẹ́rìn-ín lára ògiri,
ọ̀dà ti bó kúrò ní idà-kejì ojú rẹ̀.
Àwọn ọmọ jókòó lórí pákó, ojú wọn ń bẹ lára àpótí.
Ọ̀gbẹ́ni Lyle ní, “Ẹ má tíì ṣí i.”
Mo ní, ẹ má tíì ṣí i.
Ìyẹn rọrùn.

Ó sọ̀rọ̀ títí èédú inú ààrò fi di eérú.
Èèyàn rere ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn:
ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ fún Melis lójú ọ̀nà,
ó kúnlẹ̀ fọ egbò ẹsẹ̀ ọmọ tí kò mọ orúkọ rẹ̀.
Wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.
Wọn kò sọ ohun tí a ó ṣe
bí ọ̀rọ̀ bá gbé àga sẹ́nu ọ̀nà,
tó gbé àwo oúnjẹ lé orúnkún,
tó ní, gbọ́ mi ná.

“Ta ló fẹ́ gba Jésù lónìí? Kó na ọwọ́ sókè.”

Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi, ó dúró.
Mo rí Aizirek, ọmọ ọdún mẹ́fà,
tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká,
tí ìyá rẹ̀ ń fọ ilẹ̀ ilé ìtura ní Mọ́skò,
tí ìyá-ìyá rẹ̀ kírun ní ìdájí kó tó dá iná.
Mo bá ní: “Ta ló fẹ́ àpótí?”

Ọwọ́ mẹ́tàlélógójì.
Ọwọ́ tí òtútù ti sán, ọwọ́ tí yíǹkì kùn,
ọmọ kan na méjèèjì.
Ọ̀gbẹ́ni Lyle kà wọ́n, ó tún wọn kà,
ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú,
ó kọ iye wọn sínú ìwé pélébé kan.
Mo mọ̀ pé iye yẹn yóò wọ bàálù,
yóò dúró níwájú ìjọ tí n kò ní rí láé,
wọn yóò sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ta ni mo gbà sílẹ̀? Ta ni mo tàn?
N kò tíì mọ̀. Mo gba owó mi.

Nínú àpótí Aizirek:
pẹ́ńsù mẹ́fà, ìbọ̀sẹ̀,
ọṣẹ tó ń ta sánsán bí èso tí a kì í gbìn níbí,
ìwé aláwòrán nípa Ọ̀dọ́ Àgùntàn,
ọkọ̀ ìṣeré kan tí táyà rẹ̀ kan ti yọ,
àti lẹ́tà tí a fi kéréyọ̀nù kọ:
“Wendell ni mí. Ọkọ̀ yìí ni mo fẹ́ràn jù.
Ṣé o ní ajá?”
Kò bi í ní nǹkan mìíràn.

Ìyá àgbà Burulcha gba ìwé aláwòrán náà,
ó ní, èyí tó bá dárúkọ Ọlọ́run, a kì í jù ú sílẹ̀.
Ó fi gèlè wé e, ó gbé e sókè kọ́bọ́ọ̀dù,
kò ṣí i.
Ó wá di wàrà gbígbẹ sínú àpò fún àlejò.
Ó ní, “Sọ fún un pé kò pọn dandan
kó gbọ́ ohunkóhun kó tó jẹ ẹ́.”
Mo yíjú sí Ọ̀gbẹ́ni Lyle.
Mo ní: “Ó ní ẹ ṣeun.”

Aizirek fa aṣọ òtútù mi, ó ní kí n bá òun kọ ọ́:
A ní ajá. Ó ti bu Melis jẹ rí.
Mo kọ ọ́, n kò yọ ọ̀rọ̀ kan.

Kò sí àdírẹ́sì lára lẹ́tà Wendell.
Ó ṣì wà lápò mi.