Ìdérí

Wọ́n fi Helka ránṣẹ́ sí mi láti Kuopio,
oṣù mẹ́ta, kó wá fọwọ́ kan ohun tó ti fojú kà.
Oṣù Kejìlá ló dé Ivalo, nígbà tí oòrùn ilẹ̀ wa
kì í yọrí síta rárá, tí a ń fi àtùpà ṣílé oògùn,
tí a tún ń fi àtùpà tì í.

Ọmọ náà mọ̀wé. N kò ní parọ́ mọ́ ọn.
Bi í léèrè oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru,
á ka ọ̀nà tó gbà dé inú kíndìnrín
bí ẹni ń ka ojúlé àdúgbò tí wọ́n bí i sí.
Ṣùgbọ́n ó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀
bí ẹni tó jókòó síwájú olùdánwò:
wéré wéré, kí aago má baà lù.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Oula wọlé, darandaran àgbọ̀nrín,
yìnyín so mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀ bí òwú.
Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tún ti ru ju ti oṣù tó kọjá.
Helka ṣàlàyé, ó tún un ṣàlàyé,
ó ya àwòrán ọkàn sẹ́yìn rìsíìtì.
Oula ń mirí. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Bẹ́ẹ̀ ni.
Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.

Èmi ń ka páálí lẹ́yìn. Mo rí ohun tí mo rí,
mo di ahọ́n mi mú bí ẹni di ajá mú.

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kó lè sanwó.
Ìka méjì ló kù lọ́wọ́ ọ̀tún;
òtútù ti jẹ ìyókù, lọ́dún tí yìnyín orí adágún
là lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.
Owó ẹyọ bọ́, ó yí lọ sábẹ́ káńtà.
Helka bẹ̀rẹ̀ láti he é. Nígbà tó dìde,
kò sọ nǹkan kan mọ́ nípa ọkàn.
Ó gbé ike oògùn náà ka iwájú rẹ̀, ó ní,
"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí i."

Ìdérí tí wọ́n ṣe kí ọmọdé má lè ṣí i.
Ó tẹ̀ ẹ́, ó yí i, ó feyín sí i.
Ó wá rẹ́rìn-ín ẹni tí wọ́n ká mọ́:
"Ajá mi nìkan ló ṣí i rí. Ó fi ọjọ́ méjì sùn."

Ìdérí tó ń ṣí wẹ́rẹ́ wà nísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀. Ìṣẹ́jú kan.
Lálẹ́, ọmọ náà jókòó ti ìwé tí yunifásítì fún un
pé kó kọ ohun tó kọ́ lónìí sórí ìlà mẹ́ta.
Ó jẹ bírò títí. Ó wá bi mí
bóyá irú ìdérí yẹn tún kù, nítorí ìyá kan
tó wá lọ́jọ́ Ajé,
tí kò bọ́ ìbọ̀wọ́ títí tó fi jáde.